Bí A Ṣe Ń Po Amọ̀ Tó Ṣeé Mọ, Tó Sì Ń Fara Da Iná

Ó ṣọ̀wọ́n kí amọ̀ tí a wà láti inú ilẹ̀ ṣeé lò bó ṣe wà. Òmíràn á máa fà dáadáa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbẹ báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sán nìyẹn. Òmíràn ò bẹ̀rù iná rárá, àmọ́ kò ṣeé mọ, ńṣe ló ń já lọ́wọ́ ẹni. Ìdí nìyẹn tí amọ̀kòkò fi ń po oríṣiríṣi amọ̀ mọ́ ara wọn, tó sì ń fi èròjà mìíràn sí i, títí yóò fi rí èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Kí n tètè sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi: omi ló ń po amọ̀, kì í ṣe agbára apá. Hóró amọ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, ó sì rí pẹlẹbẹ. Àfi kí omi wọ àárín hóró kan sí èkejì kí wọ́n tó lè máa yọ̀ lórí ara wọn láìjá, àkókò sì ni ìyẹn ń gbà. Púpọ̀ nínú amọ̀ tí àwọn èèyàn ń dà nù pé kò dáa, kò tíì mu omi yó ni.

Iná wo lẹ máa fi sun ún?

Ẹ má tíì wọn ohunkóhun tí ẹ ò bá tíì dáhùn ìbéèrè yìí. Amọ̀ ìkòkò pupa tí a ń sun ní nǹkan bí 1000°C sí 1150°C kì í ṣe ẹgbẹ́ amọ̀ stoneware (èyí tí iná gbígbóná ń sọ di líle bí òkúta) tí a ń sun ní 1220°C sí 1300°C. Bí ẹ bá kó amọ̀ pupa lọ sí 1240°C, ó lè wú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí nínú, tàbí kó yọ́ sórí pèpéle inú ìléru. Bí ẹ bá sì sun amọ̀ tí wọ́n pò fún 1280°C ní 1060°C péré, ohun tí ẹ máa rí ni ìkòkò tó rọrùn láti fọ́, tí yóò máa fa omi mu bó ṣe wù ú.

Ìbéèrè kejì ni irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Amọ̀ orí kẹ̀kẹ́, ìyẹn kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò tó ń yí bí a ṣe ń mọ ìkòkò lórí rẹ̀, gbọ́dọ̀ kúnná, kó sì máa fà. Èyí tí ẹ fẹ́ fi ṣe ère tàbí ìkòkò ńlá tó nípọn gbọ́dọ̀ ní hóró ńláńlá nínú, kí omi lè rí ọ̀nà jáde bó ṣe ń gbẹ.

Àwọn èròjà àti iṣẹ́ wọn

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú àpòpọ̀. Amọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ kó ṣeé mọ. Èròjà tó ń yọ́ nínú iná ló ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di líle. Èyí tí kì í tètè yọ́ ló ń dúró bí egungun, kí nǹkan má baà wó tàbí kó súnkì jù.

Kaolin funfun, ó mọ́, iná gbígbóná ò sì rí i gbé ṣe. Àmọ́ hóró rẹ̀ tóbi ju ti àwọn amọ̀ yòókù lọ, nítorí náà kì í fà dáadáa. Òdìkejì rẹ̀ ni ball clay: ó kúnná gan-an, ó ń fà, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù nínú àpòpọ̀, yóò súnkì, yóò sì sán. Irin tó wà nínú amọ̀ pupa ló fún un ní àwọ̀, irin yẹn kan náà ló sì ń jẹ́ kó tètè yọ́. Fireclay le, ó sì ní hóró, ó dáa fún stoneware. Bentonite ló ń fà ju gbogbo wọn lọ, ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 ti tó láti yí amọ̀ tó ń já padà.

Feldspar, ìyẹn òkúta kan tí a lọ̀ kúnná, ni èyí tó ń yọ́, tó ń di bíi gíláàsì láàárín àwọn yòókù. Silica àti iyanrìn wà lára àwọn tó ń dúró. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni àpáàdì tí a gún tàbí tí a lọ̀, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní grog. Àpáàdì ti la iná kọjá, ó ti súnkì tán, nítorí náà ohun tó bá wà láyìíká rẹ̀ nìkan ló ṣì máa súnkì. Iyanrìn náà ń ṣiṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n silica ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, silica sì máa ń wú lójijì bí iná bá dé 573°C, á tún súnkì padà níbẹ̀ kan náà nígbà tó bá ń tutù. Ìkòkò tí iyanrìn pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè fi ibẹ̀ là.

Bí ẹ ò bá tíì ní àpòpọ̀ tiyín, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibí. Fún iná 1280°C sí 1300°C (ìdá nínú 100 ni iye kọ̀ọ̀kan): kaolin 25, ball clay 25, feldspar 25, silica 25. Ó rọrùn láti rántí, ó funfun, ó sì ṣeé mọ lórí kẹ̀kẹ́. Àpòpọ̀ porcelain (tánganran) àtijọ́ ni kaolin 50, feldspar 25, silica 25. Ìyẹn funfun jù, àmọ́ ó máa ń bá ẹni jà lórí kẹ̀kẹ́, mi ò sì ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó fi í kọ́ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ iná 1240°C ni ìléru yín lè gbé, ẹ ó fi kún feldspar, ẹ ó sì dín kaolin tàbí silica kù. Fún amọ̀ pupa oníná kékeré, ẹ gbìyànjú amọ̀ pupa 80 àti àpáàdì kíkúnná 20, kí ẹ máa tún un ṣe láti ibẹ̀.

Ní ti àpáàdì, ìdá 5 sí 10 ti tó fún iṣẹ́ orí kẹ̀kẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa họ yín lọ́wọ́. Fún ère àti nǹkan tó nípọn, ẹ lè dé ìdá 20 tàbí 30.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wa amọ̀ yín

Ẹ yọ òkúta àti gbòǹgbò kúrò. Ẹ fi omi díẹ̀ po ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ yí i gbọọrọ kó tín-ín-rín bíi pẹ́ńsù, kí ẹ wá ká a mọ́ ìka yín. Bó bá ká láìsán, amọ̀ gidi ni. Bó bá sán díẹ̀, ball clay tàbí bentonite lè tún un ṣe. Bó bá já pátápátá, iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ kán fínígà sórí amọ̀ gbígbẹ díẹ̀. Bó bá hó, ẹfun òkúta wà nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Hóró ẹfun òkúta tó wà nínú ìkòkò máa ń yí padà nínú iná, yóò wá máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti kó ìkòkò jáde. Bó ṣe ń fa ọ̀rinrin ló ń wú, tí yóò fi ta ojú ìkòkò dànù, ẹ ó sì rí ojú funfun kékeré nísàlẹ̀ ihò náà. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ sẹ́ irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú asẹ́ mesh 60 tàbí 80 (ìyẹn iye ihò tó wà nínú ínṣì kan asẹ́ náà), tàbí kí ẹ wá amọ̀ mìíràn.

Eruku

Eruku silica ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àìsàn tó ń fà, silicosis, kò ní ìwòsàn, eruku tó sì ń fà á kéré débi pé ẹ ò ní rí i nínú afẹ́fẹ́. Ìbòmú aṣọ ò lè dá a dúró. N95 tàbí èyí tó jù ú lọ ni kí ẹ lò, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ẹ má fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀ níbi iṣẹ́ yìí láéláé. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ yín lọ́tọ̀. Ẹ má po ìyẹ̀fun nítòsí ọmọdé. Mò ń bẹ̀ yín, ẹ má fojú kékeré wo ìlà wọ̀nyí.

Ọ̀nà olómi

Bó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kọ́, ẹ kọ́ èyí. Ó lọ́ra, ó sì ń gba àyè, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń mú amọ̀ dára tó o.

Ẹ kọ́kọ́ wọn gbogbo èròjà ní gbígbẹ. Fún kílò 10 àpòpọ̀ onímẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo sọ lókè, èròjà kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 2.5. Ẹ máa fàmì sí orúkọ èyí tí ẹ ti wọ̀n nínú ìwé kí ẹ tó gbé òmíràn. Funfun ni gbogbo wọn, wọ́n sì jọ ara wọn.

Ẹ bu omi lítà 10 sí 12 sínú garawa ńlá. Ìyẹ̀fun lẹ ó máa dà sínú omi, kì í ṣe omi sórí ìyẹ̀fun. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kó máa rì fúnra rẹ̀. Bí bentonite bá wà níbẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ ìyẹ̀fun mìíràn ní gbígbẹ ṣáájú. Bí ẹ bá da òun nìkan sómi, yóò di kókó tí òde rẹ̀ ń yọ̀, tí inú rẹ̀ sì gbẹ táútáú, kò sì ní tú mọ́. Àpáàdì àti iyanrìn ṣì máa dúró ná.

Bó bá jẹ́ amọ̀ tí ẹ wà tàbí àjákù iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ rẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kó tó kan omi. Ẹ dán an wò kí ẹ rí i. Ẹ ju ègé amọ̀ tó gbẹ dáadáa sínú ife omi. Kíákíá ni afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde lára rẹ̀, igun rẹ̀ á máa bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi wó di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ife. Ẹ wá ju ègé tó ṣì tutù díẹ̀ sínú ife kejì. Ẹ ó bá a níbẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ kejì, nítorí omi tó ti wà nínú rẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ omi tuntun.

Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìrò. Lẹ́yìn náà kí ẹ rò ó dáadáa, igi tàbí dírìlì tó ní abẹ ìpo-nǹkan lẹ lè lò. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ fà á yọ: ẹrẹ̀ tó ki tó yóò bo ọwọ́ yín débi pé ẹ ò ní rí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ẹ sẹ́ ẹ. Mesh 60 dáa fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, mesh 80 fún amọ̀ funfun tó gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó da àpáàdì sí i, torí pé asẹ́ ò ní jẹ́ kó kọjá.

Ẹ lè béèrè pé báwo la ṣe máa mọ ìwọ̀n àpáàdì nígbà tí omi ti wọnú amọ̀, pàápàá bó bá jẹ́ amọ̀ tí a ò wọ̀n ní gbígbẹ. Ọ̀nà kan wà. Ẹ wọn ẹrẹ̀ náà lítà kan géérégé, kí ẹ yọ ìwọ̀n ike kúrò. Ẹ yọ 1,000 kúrò nínú iye gíráàmù tó kù, kí ẹ wá sọ èyí tó ṣẹ́ kù di púpọ̀ pẹ̀lú 1.625. Èsì rẹ̀ ni gíráàmù amọ̀ gbígbẹ tó wà nínú lítà náà. Bí lítà kan bá wọn 1,400, ẹ ó ní 400 × 1.625, ìyẹn 650. Garawa lítà 20 yóò wá ní kílò 13 amọ̀ gbígbẹ nínú, àpáàdì kílò 1.3 sì ni ìdá 10 lórí rẹ̀.

Ẹ fi í sílẹ̀ kó silẹ̀, ẹ da omi tó bá là sókè nù, kí ẹ wá tú ẹrẹ̀ náà sórí pèpéle POP tó gbẹ, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Bí ẹ ò bá ní POP, ẹ so ó kọ́ sínú aṣọ tó lágbára. POP ń fa omi mu, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fi irin ha á: hóró POP tó bá bọ́ sínú amọ̀ ń ta ojú ìkòkò dànù bí ẹfun òkúta ṣe ń ṣe. Ẹ máa yí amọ̀ náà padà. Bó bá ti ń ṣí kúrò lórí POP láìlẹ̀ mọ́ ọn, ó tó kó.

Ọ̀nà gbígbẹ

Ọ̀nà yìí yá jù. Ẹ po gbogbo ìyẹ̀fun pọ̀ ní gbígbẹ nínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ dé e, kí ẹ máa yí i kiri títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí eruku rọlẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ṣí i. Lẹ́yìn náà, kílò 10 ìyẹ̀fun yóò gba omi lítà 2.5 sí 3.3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2.5, nítorí amọ̀ tó rọ̀ jù nira láti mú padà ju kí ẹ fi omi kún un lọ. Ẹ fi ọwọ́ pò ó, tàbí kí ẹ dà á sórí tapólì kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ ká a, ẹ tún un tẹ̀.

Èyí tí ẹ bá pò báyìí yóò já lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ pò ó. Ẹ má fi omi kún un nítorí ìyẹn. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ fi í sílẹ̀ ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ìpo-amọ̀ ń lo ọ̀nà yìí fún kílò púpọ̀, àmọ́ àwọn náà ṣì ń jẹ́ kí amọ̀ sinmi.

Bí amọ̀ méjì bá ti tutù tẹ́lẹ̀

Ẹni tó ní amọ̀ funfun àti pupa, tàbí èyí tó rọ̀ jù àti èyí tó le jù, kò ní láti gbẹ wọn. Ẹ fi wáyà gé àwọn méjèèjì ní pẹlẹbẹ, ẹ tò wọ́n lérí ara wọn, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa. Ẹ là á mọ́ tábìlì tó dúró ṣinṣin. Ẹ fi wáyà gé e sí méjì, ẹ gbé ìdajì kan sókè, ẹ là á mọ́ ìdajì kejì, kí ẹ yí i, kí ẹ tún gé e. Ìpele inú rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti ṣe é nígbà 20, ìpele náà ti lé ní mílíọ̀nù kan. Bí ìlà funfun bá ṣì hàn lójú ibi tí wáyà gbà, ẹ máa bá a lọ. Ẹ kàn kíyè sí i pé amọ̀ méjì tí iná wọn ò dọ́gba ò yẹ kó pàdé láìjẹ́ pé ẹ ti dán an wò.

Gígún rẹ̀ àti fífi í pamọ́

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gún un: ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, níbi tó ti pàdé ọrùn ọwọ́, tì í síwájú, ẹ ká a padà wá sọ́dọ̀ ara yín, ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún un tì. Ẹ gé e ní àárín kí ẹ wo inú rẹ̀. Ihò kékeré túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó ń dán tó sì tutù ju ibòmíràn lọ, omi ò tíì dọ́gba. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹẹ́dọ́gbọ̀n sí àádọ́ta títì sábà máa ń tó. Ẹ má ká a bí ìwé, torí ẹ ó kàn máa ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ ni.

Amọ̀ tí ẹ fi pamọ́ sínú ọ̀rá méjì ń dára sí i bí oṣù ti ń gorí oṣù. Omi ń wọ ibi tí kò tíì wọ̀, kòkòrò àìfojúrí sì ń gbèrú nínú rẹ̀. Bó bá ń rùn tàbí tó ní ẹ̀gbin dúdú lára, ẹ kàn tún un gún, iná yóò jó gbogbo rẹ̀ dànù.

Dídán an wò

Kílò kan péré ni kí ẹ pò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ gé e ní pátákó gígùn sẹ̀ǹtímítà 13, fífẹ̀ 4, kó nípọn tó 1, ó kéré tán mẹ́ta. Ẹ fa ìlà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 sára rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, ẹ kọ nọ́ńbà àpòpọ̀ sí i. Ẹ wọn ìlà náà nígbà tó bá gbẹ, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn iná. Bí 10 bá di 8.8, ó ti súnkì ní ìdá 12 nínú 100, ìyẹn ò sì burú fún stoneware. Bó bá ju ìdá 14 lọ nínú amọ̀ tí kì í ṣe porcelain, ẹ dín ball clay kù.

Ẹ wọn pátákó tí ẹ sun náà ní gbígbẹ, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi fún wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kó tutù nínú omi náà, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Bí gíráàmù 200 bá di 204, ó mu omi ìdá 2. Stoneware tó fẹ́ gba omi dúró kò yẹ kó kọjá ìdá 3. Amọ̀ pupa oníná kékeré máa ń mu ju ìdá 5 lọ, ìdí nìyẹn tó fi nílò glaze, ìyẹn ohun dídán bíi gíláàsì tí a fi ń bo ojú ìkòkò, kó tó lè gbé omi pamọ́.

Ẹ gbé pátákó kẹta sórí òkúta méjì nínú ìléru, kí àárín rẹ̀ ṣófo, kí ẹ fi àpáàdì sábẹ́ rẹ̀ kó má baà ba pèpéle jẹ́. Bó bá tẹ̀ kọdọrọ, èròjà tó ń yọ́ ti pọ̀ jù.

Bó bá ń mu omi jù, ẹ fi feldspar ìdá 3 sí 5 kún un, ẹ yọ iye yẹn lára silica tàbí kaolin. Bó bá ń já lọ́wọ́, ball clay ìdá 5 tàbí bentonite 2. Bó bá ń sán bó ṣe ń gbẹ, ẹ fi àpáàdì sí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn iná ló là, ẹ wo etí ibi tó là: bí glaze etí rẹ̀ bá mú bí abẹ, ìgbà tó ń tutù ló là, ẹ jẹ́ kí ìléru máa tutù díẹ̀díẹ̀ nítòsí 573°C, kí ẹ sì dín iyanrìn kù. Bí glaze bá ti yọ́ bo etí náà, ó ti là kí iná tó pọ̀, ọ̀ràn gbígbẹ ni. Èròjà kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà nínú kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tún pò, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà tuntun, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kan náà sára ọ̀rá tí ẹ kó o sí.